Wọ́n ní gíà Sienna ti kú: bí a ṣe lè mọ apá tí ó bàjẹ́ gan-an

Ní ilẹ̀ Okun, láti Kàbà dé Ìsánlú, àti láti Mọ́pà dé Ẹ̀gbẹ̀, ọkọ̀ Sienna ti di ọkọ̀ èrò, ọkọ̀ ẹbí, àti ọkọ̀ ẹrù. Ó gba èèyàn méje, ó gba iṣu àti àpò kaṣú lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò wọ́n bíi jíìpù. Tòkúnbọ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, ó sì ti rìn jìnnà kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá ń gbọ̀n, tàbí tí ó bá ń kùn láìlọ síwájú lórí òkè, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu mẹkáníìkì ni pé gíà ti kú. Owó ńlá ni ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ná onímọ́tò, mo sì gbà pé lọ́pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń sọ ọ́ kí wọ́n tó wo ohunkóhun. Ìgbà tí àìsàn ọkọ̀ náà ń yọjú, ìyẹn ni pé bóyá ó tutù ni tàbí ó ti gbóná, bóyá ó dúró ni tàbí ó ń sáré, bóyá ó ń lọ tààrà ni tàbí ó ń kọ́nà, ló ń fi apá tí ó bàjẹ́ hàn, ju bí ó ṣe ń gbọ̀n tó lọ.

Agbára tí ẹ́ńjìnì ń mú jáde kì í ré kọjá sí táyà lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ọkọ̀ ọ̀tọ́mátíìkì, kọ̀ńfátà ni ó kọ́kọ́ ń gbà á. Kọ̀ńfátà yìí rí róbótó, ó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíà, ọ́ìlì sì kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé fáànù méjì kọjú síra wọn, tí ẹ sì tan ọ̀kan ṣoṣo, atẹ́gùn rẹ̀ yóò máa yí èkejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ńfátà ṣe ń ṣiṣẹ́, àfi pé ọ́ìlì ló dípò atẹ́gùn. Láti ibẹ̀ ni agbára ti ń wọ inú gíà fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n to àwọn pílétì kílọ́ọ̀ṣì tínínrín léra wọn sí. Ọ́ìlì tí a fún mọ́ inú ihò tóóró ló ń tẹ àwọn pílétì yìí pọ̀ kí gíà kan lè wọlé, òun náà ló sì ń tú wọn sílẹ̀ kí òmíràn lè rọ́pò rẹ̀. Bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló ń pàṣẹ, àwọn sọ́lẹ́nọ́ìdì ló ń ṣí ojú ọ̀nà ọ́ìlì tí wọ́n sì ń tì í. Lẹ́yìn gíà ni ṣáfùtù méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n ń gbé agbára náà lọ sí táyà iwájú. A kò gbọdọ̀ gbàgbé síìtì ẹ́ńjìnì, ìyẹn àwọn rọ́bà tí ẹ́ńjìnì àti gíà jókòó lé: wọn kì í gbé agbára lọ síbi kankan, síbẹ̀ bí wọ́n bá ya, ariwo tí wọ́n ń pa máa ń jọ ti gíà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Gbogbo Sienna kọ́ ni ó ní gíà kan náà. Èyí tí ó jáde láti 1998 sí 2003 ní gíà mẹ́rin, ti 2004 sí 2010 ní márùn-ún, ti 2011 síwájú ní mẹ́fà, kí Toyota tó sọ ọ́ di mẹ́jọ ní 2017. Ẹ rántí àwọn ọdún yìí nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra ọ́ìlì tàbí pààtì.

Ọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà. Nínú Sienna àtijọ́, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì gíà wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì yàtọ̀ sí ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Ẹ wa ọkọ̀ náà díẹ̀ kí gíà lè gbóná, ẹ gbé e dúró síbi tí ó tẹ́jú, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ gbé ọwọ́ gíà gba gbogbo ipò rẹ̀ kọjá, kí ẹ dá a padà sí P, kí ẹ sì fa ọ̀pá náà yọ nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìlànà Toyota nìyí. Honda Odyssey yàtọ̀: ẹ̀yìn tí ọkọ̀ bá ti gbóná tí a sì ti pa ẹ́ńjìnì rẹ̀ ni a ń wọn tirẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí díẹ̀ lé. Ẹni tí ó bá lo ìlànà ọ̀kan fún èkejì yóò rò pé ọ́ìlì pọ̀ jù tàbí pé ó kéré jù, yóò sì ba ohun tí kò bàjẹ́ jẹ́. Sienna ti 2011 síwájú kò ní ọ̀pá yìí rárá. Abẹ́ ọkọ̀ ni a ti ń wọn tirẹ̀, ojú ìwọ̀n ooru kan pàtó sì ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà nígbà náà, nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò ní síkánà, ẹ̀rọ tí ń ka ohun tí bíréènì bọ́ọ̀sì ń sọ.

Ẹ kán ọ́ìlì náà sórí aṣọ funfun. Bí ó bá pupa tí ó mọ́ gaara, kò léwu. Bí ó bá ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó ti gbó, ó sì yẹ ní pípààrọ̀. Bí ó bá dúdú, tí ó ń rùn bí ohun tí ó jóná, tí èérí dúdú kéékèèké sì wà nínú rẹ̀, ara àwọn pílétì kílọ́ọ̀ṣì ni ẹ ń rí lórí aṣọ yẹn, a kò sì tíì rí ọ́ìlì tuntun tí ń dá pílétì tí ó ti jẹ padà. Bí ó bá wá rí bí wàrà tí a po ohun pupa mọ́, omi rédíétọ̀ ti wọ inú gíà. Kí ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà mọ́ títí wọn yóò fi tú u wò.

Ìdàrúdàpọ̀ tí ó tóbi jù nípa ọ́ìlì ni èrò pé ọ́ìlì pupa kọ̀ọ̀kan kò yàtọ̀ síra, kí wọ́n sáà ti pè é ní háídírọ́líìkì. Èyí tí ó wà fún sítíárìn lè pupa, ti gíà náà pupa, síbẹ̀ Toyota ní ọ́ìlì T-IV fún àwọn gíà àtijọ́ àti WS fún àwọn tuntun, Honda sì ní Z1 tẹ́lẹ̀, tí DW-1 rọ́pò lẹ́yìn náà. Bí àwọn pílétì yóò ṣe di ara wọn mú ni wọ́n wò kí wọ́n tó po ọ́ìlì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí a bá da èyí tí kò bá gíà mu sí i, gíà lè máa já lójijì tàbí kí ó máa gbọ̀n láìsí pé pààtì kankan bàjẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹ mọ̀ pé èyí tí ó máa ń ṣàn jáde kò tó gbogbo rẹ̀, nítorí pé púpọ̀ ṣì wà nínú kọ̀ńfátà. Ẹ wọn èyí tí ó jáde, kí ẹ dá iye kan náà padà. Mo gbà láti máa yọ díẹ̀ díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ju kí a fi ẹ̀rọ fọ gbogbo inú gíà tí a kò tíì fọwọ́ kàn fún ọdún púpọ̀ lọ. Àwọn kan a máa sọ pé ọ́ìlì tuntun ló pa gíà àwọn. Èyí tí mo rí ni pé ìgbà tí gíà bá ti ń yọ̀ tán ni wọ́n sábà máa ń rántí ọ́ìlì.

Ó wá kan bí àìsàn ṣe ń yọjú. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ sí D tàbí rìfáàsì ní òwúrọ̀, tí ọkọ̀ dúró bí ẹni tí kò gbọ́, tí ó sì wá wọlé gbì lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọ́ìlì ti lè dínkù, tàbí kí àwọn rọ́bà inú gíà ti le, kí wọ́n má lè mú ọ́ìlì dúró mọ́. Bí ẹ bá ń lọ, tí ìró ẹ́ńjìnì ròkè, tí abẹ́rẹ́ tí ń ka yíyí rẹ̀ gòkè, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò yára sí i, gíà ń yọ̀ nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ gíà lóòótọ́. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ gbóná nìkan ló ń ṣe é, tí kò sì ṣe é ní òwúrọ̀, ẹ wo ọ́ìlì àti ohun tí ń mú un tutù kí ẹ tó gbà láti sọ gíà kalẹ̀.

Gbígbọ̀n lórí òkè ni ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù, a sì ní òkè púpọ̀ lágbègbè yìí. Ọkọ̀ ẹrù kún, ó ń gun òkè láìyára, ó wá ń gbọ̀n gìrìgìrì bí ẹni tí táyà rẹ̀ ń gun òkúta. Ohun méjì ló lè fà á, owó wọn sì jìnnà síra. Èkíní ni pé púlọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì kan kò tan iná dáadáa, tí ọ̀kan nínú sílíńdà mẹ́fà kò fi ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹrù bá wúwo. Èkejì ni pé kọ̀ńfátà ń gbìyànjú láti ti ara rẹ̀ pa mọ́ ẹ́ńjìnì, ohun tí ó máa ń ṣe nígbà tí ìrìn bá dọ́gba kí epo má baà ṣòfò, ṣùgbọ́n tí kò lè dì í mú. Bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kò le. Kí mẹkáníìkì tí ó mọ ọkọ̀ wà dáadáa wà á lójú pópó tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí gbígbọ̀n náà bá sì bẹ̀rẹ̀, kí ó ṣì tẹ àṣẹ̀lẹ́rétọ̀ mọ́lẹ̀ bí ó ṣe wà, kí ó sì fi ẹsẹ̀ òsì kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ̀n tí iná ẹ̀yìn fi máa tàn. Bíréèkì tí a kàn yìí máa ń mú kí kọ̀ńfátà tú ara rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí gbígbọ̀n náà bá dáwọ́ dúró, kọ̀ńfátà ni kí ẹ fura sí. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì ṣe, kí ẹ sì fi gíà sílẹ̀ ní ipò rẹ̀. Owó púlọ́ọ̀gì mẹ́fà kò súnmọ́ owó gíà.

Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tí ẹ ń yí láti rìfáàsì sí D ni ọkọ̀ ń dún gbì, tí ó sì ń gbọ̀n nígbà tí ó dúró ní D lórí bíréèkì ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ balẹ̀ ní P, síìtì ẹ́ńjìnì ni kí ẹ wò. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kí ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ó gbé e sí D àti rìfáàsì, kí ó sì fi iná díẹ̀ sí i, ìyẹn ni pé kí ó tẹ àṣẹ̀lẹ́rétọ̀ díẹ̀. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe iwájú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì máa ń mira díẹ̀, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbéra bí ẹni tí ó fẹ́ jáde, tí ó sì tún já lulẹ̀, síìtì ti ya.

Ṣáfùtù máa ń fi ara rẹ̀ hàn nígbà tí ọkọ̀ bá ń kọ́nà. Ìró tà-tà-tà tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá yí sítíárìn dé òpin tí ẹ sì ń lọ, orí ṣáfùtù tí ó wà lápá táyà ni. Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tí ẹ tẹ iná mọ́ ọn ni iwájú ọkọ̀ ń mì lọ mì bọ̀, tí ó sì ń dáwọ́ dúró bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀, orí rẹ̀ ti apá gíà ni kí ẹ wò. Kí ẹ tó ra odidi ṣáfùtù, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn táyà iwájú: bí gíríìsì dúdú bá ti fọ́n sí inú rọ́ọ̀mù àti ara bíréèkì, rọ́bà tí ó bo orí ṣáfùtù ti ya, erùpẹ̀ sì ti ń wọlé. Bí ẹ bá tètè rí i, rọ́bà àti gíríìsì nìkan ni ẹ ó san owó rẹ̀. Ariwo tí ń kùn, tí ń pọ̀ bí eré ọkọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, tí kì í sì í yí padà bí gíà bá yí padà, bíárìn táyà ni, kò kan gíà rárá.

Iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù náà ń da èèyàn láàmú. Nínú àwọn Sienna àtijọ́, bọ́tìnnì kékeré kan wà lára ọwọ́ gíà. Bí ọwọ́ bá kàn án, O/D OFF yóò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, gíà tí ó ga jù kò sì ní wọlé mọ́. Ẹ́ńjìnì yóò máa ké, epo yóò sì máa jẹ. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́: ẹ tún bọ́tìnnì náà tẹ̀. Iná tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnì yàtọ̀ sí èyí, síkánà ló sì lè sọ ìdí tí ó fi tàn. Kóòdù ni síkánà máa ń fi hàn: P0300 ń sọ pé sílíńdà ń kùnà láti jóná. P0171 ń sọ pé epo kò tó atẹ́gùn tí ń wọlé. P0741 ń tọ́ka sí bí kọ̀ńfátà ṣe ń ti ara rẹ̀ pa. P0700 kàn ń kéde pé nǹkan wà nínú ìṣàkóso gíà, a sì gbọ́dọ̀ wá kóòdù mìíràn tí ó bá a rìn. Kóòdù kì í sọ pé kí ẹ ra pààtì kan, ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ni ó ń sọ. Ọkọ̀ tí ó takú sí gíà kan ṣoṣo lè jẹ́ pé wáyà tàbí sẹ́ńsọ̀ ló kọṣẹ́, tí bíréènì bọ́ọ̀sì sì ń dáàbò bo gíà títí ọkọ̀ yóò fi délé.

Ooru ni ọ̀tá gíà, ọ̀nà wa sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ọkọ̀ tí ó kún fún èrò àti iṣu, tí ó wá há sẹ́yìn àwọn tírélà sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń wọ́ bọ̀ láti Ọbájáná ní ọ̀sán gangan, kò rí atẹ́gùn gbà bí ìgbà tí ó ń sáré, kọ̀ńfátà sì ń po ọ́ìlì náà títí yóò fi gbóná gan-an. Inú rédíétọ̀ ni ọ́ìlì gíà ti ń tutù. Bí eruku ọyẹ́ bá dí ojú rédíétọ̀, gíà àti ẹ́ńjìnì ni ìyà yóò jọ jẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi omi fọ̀ ọ́ rọra láti ẹ̀yìn wá, kí ojú rẹ̀ má baà tẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ èrò lójoojúmọ́ kò sì gbọdọ̀ gbà pé ọ́ìlì gíà kì í gbó, bí ẹni tí ó tà á fún un tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn awakọ̀ kan tún ní àṣà láti gbé gíà sí fíríì (N) bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, kí epo má baà jẹ. Ní ọkọ̀ tí kò lo kábúrétọ̀, ìdàkejì ni: bí ẹ bá fi sí D tí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, bíréènì bọ́ọ̀sì máa ń gé epo kúrò lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnì pátápátá fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ní fíríì, ó gbọ́dọ̀ máa fún un ní epo kí ó má baà kú. Bíréèkì nìkan ni yóò sì wá ru gbogbo ẹrù náà dé ìsàlẹ̀.

Ẹ́ńjìnì náà ní ti rẹ̀. Toyota gbà ní 2002 pé àwọn ẹ́ńjìnì lítà 3.0 kan tí ó wà nínú ọkọ̀ ti 1997 sí 2002, èyí tí ó wà nínú Sienna àkọ́kọ́ wà lára wọn, lè kó ọ́ìlì tí ó dì bí ẹrẹ̀ sínú, wọ́n sì fún àwọn oníbàárà ní ìrànlọ́wọ́ lórí rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí tí a ti ń da ọ́ìlì sí ẹ́ńjìnì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i: bí abẹ́ ìdérí àti irin inú rẹ̀ bá ní ẹrẹ̀ dúdú, ẹ tún inú rò lórí ríra ọkọ̀ náà. Ní ti ẹ́ńjìnì lítà 3.5 tí ó wọ Sienna ní 2007, páìpù ọ́ìlì kan tí ó ní rọ́bà láàárín lè bẹ́ lójijì, kí gbogbo ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sì dànù sójú pópó. Toyota ti fi èyí tí ó jẹ́ irin látòkèdélẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín wo èyí tí ó wà lára tiyín.

Ní ti Odyssey, mi ò ní fi dídùn sọ̀rọ̀. Ní 2004, Honda pe àwọn Odyssey ti 2002 sí 2004 padà nítorí pé ooru lè ba gíà kejì jẹ́ títí gíà yóò fi dì pa lójijì. Èmi kò ní ra irú èyí fún iṣẹ́ èrò. Volkswagen Sharan tí ó ní gíà ọwọ́ rọrùn láti mọ̀ ju gbogbo wọn lọ: ẹ fà á sí gíà gíga nígbà tí ọkọ̀ kò sáré púpọ̀, ẹ tẹ iná mọ́ ọn, bí ẹ́ńjìnì bá ké tí ọkọ̀ kò tẹ̀lé e, kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ wo ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà, ẹ bẹ ẹni tí ń tà á kí ó má tan án kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì; bí ó bá ti gbóná, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jí i kí ẹ má baà rí bí gíà rẹ̀ ṣe ń lọ́ra ní òwúrọ̀, ẹ padà lọ́jọ́ mìíràn. Síkánà náà kì í tó bí kò bá rí kóòdù kankan, nítorí pé ẹni tí ó yọ bàtìrì lálẹ́ àná ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ ní kí onísíkánà wo bóyá àwọn àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fún ara rẹ̀ ti parí. Bí púpọ̀ nínú wọn kò bá tíì parí, ẹnì kan ti pa nǹkan rẹ́ láìpẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á gun òkè gidi, kì í ṣe ní àyíká ilé nìkan, kí ẹ sì wà á pẹ́ tí yóò fi gbóná.

Bí ó bá sì wá jẹ́ gíà lóòótọ́, tí ẹ ní láti ra tòkúnbọ̀ rẹ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó tàbí níbòmíràn, kì í ṣe orúkọ Sienna nìkan ni ẹ ó fi rà á. Ọdún ọkọ̀, ẹ́ńjìnì rẹ̀, àti bóyá táyà iwájú nìkan ni ó ń fà tàbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ bá a mu. Kí wọ́n fọ páìpù àti rédíétọ̀ tí ọ́ìlì gíà ń gbà kọjá kí wọ́n tó gbé èyí tí ẹ rà sí i, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ wọn, nítorí pé èérí pílétì tí gíà àtijọ́ tú jáde ṣì wà níbẹ̀, inú gíà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni yóò sì kọ́kọ́ ṣàn lọ. Bí ọkọ̀ náà bá kú sójú ọ̀nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi okùn wọ́ ọ láti Mọ́pà dé Kàbà pẹ̀lú táyà iwájú nílẹ̀: nígbà tí ẹ́ńjìnì bá kú, páńpù ọ́ìlì gíà kì í ṣiṣẹ́, irin yóò sì máa fi gbígbẹ lọ irin. Bí táyà iwájú nìkan bá ń fà, kí wọ́n gbé iwájú rẹ̀ sókè; bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń fà, kí wọ́n gbé odidi rẹ̀ sórí ọkọ̀ akẹ́rù.